Mo Wọ Yunifásítì ní Lẹ́pa, Mo Ti Ń Di Òròbó

ÌBÉÈRÈ

Ọdún kìíní ni mo wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, họ́sítẹ́ẹ̀lì Mozambique ni mò ń gbé. Ọmọ ọdún 18 ni mí, gíga mi jẹ́ mítà 1.63. Nígbà tí mo ṣe àyẹ̀wò ìlera kí n tó wọlé, kílò 58 ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún mi. Oṣù kẹjọ rèé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gun òṣùwọ̀n ní ilé ìtajà oògùn kan, ó sì gbé mi dé 65. Síkẹ́ẹ̀tì tí mọ́mì mi rán fún mi kò ṣe é fà sókè mọ́.

Ọlọ́run ló gbọ́ mi, Mà, n kì í jẹun púpọ̀. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni mo máa ń ṣe 0-0-1: kò sí tàárọ̀, kò sí tọ̀sán, alẹ́ nìkan. Aago mẹ́jọ ni lẹ́kíṣọ̀ wa máa ń bẹ̀rẹ̀, kò sí àyè láti dáná. Màá kàn ra buns àti mínírà tútù kan kí ojú mi lè là. Tí mo bá padà dé kọ́nà mi ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, Indomie méjì àti ẹyin díndín ló máa ń yá jù. Bí a bá sì ń ṣe TDB, ìyẹn kíkàwé títí ilẹ̀ á fi mọ́, màá rẹ gàrí ní aago kan òru kí oorun má baà gbé mi lọ.

Nígbà tí mo lọ sílé, inú mọ́mì mi dùn, wọ́n ní ilé ìwé bá mi lára mu. Àmọ́ àwọn rúmúméètì mi ti ń pè mí ní òròbó. Ọ̀kan nínú wọn ń mu tíì kan tí wọ́n ní ó ń fa ikùn wọlé, ó ní ká jọ dá owó sí i. Òmíràn ní kí n má fẹnu kan ẹ̀bà àti ìrẹsì mọ́. Mo tún kà á pé ní Amẹ́ríkà, gbogbo ẹni tó bá wọ yunifásítì ló ń fi pọ́n-ùn 15 sanra lọ́dún àkọ́kọ́. Ṣé bí tèmi náà ṣe máa rí nìyẹn? Owó tí dádì mi ń fi ránṣẹ́ kò pọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sọ pé kí n máa ra ohun tí apá mi kò ká.

Ọmọ yín, Lẹ́pa Àná, Ilé-Ifẹ̀.

ÌDÁHÙN

Lẹ́pa Àná, ọmọ mi, o kú iṣẹ́ ìwé. Jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu òṣùwọ̀n ná, kí ọ̀rọ̀ àwọn rúmúméètì má baà kó ìpayà bá ọ. Bí àwa elétò ìlera ṣe ń mọ̀ bóyá ẹnì kan sanra jù ni pé a ó mú gíga rẹ̀ ní mítà, a ó sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀, a ó wá fi iye tó bá jáde pín kílò rẹ̀. Tìrẹ, 1.63 lọ́nà 1.63, jẹ́ nǹkan bíi 2.66. Fi pín 65, wàá rí nǹkan bíi 24.5. Àgbà tó bá wà láàárín 18.5 sí 24.9, ìwọ̀n rẹ̀ dára. Láti 25 lọ ni a ń sọ pé ó ti ń sanra jù, bó bá sì di 30, a ti kà á mọ́ àìsàn nìyẹn. O ò tíì di òròbó kankan. Àmọ́ nǹkan bíi 22 ni o wà nígbà tí o wọlé, kò sì tó kílò kan àtààbọ̀ mọ́ tó kù kí o kọjá 25. Bí o ṣe yára débẹ̀ ló ń kọ mí lóminú díẹ̀. Má bínú sí mọ́mì rẹ o. Lójú ìyá, ọmọ tó ti ilé ìwé dé tí egungun rẹ̀ kò yọ síta, ọpẹ́ ni.

Ti Amẹ́ríkà tí o kà yẹn, àsọdùn pọ̀ nínú rẹ̀. Ìwé ìròyìn àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin kan ló gbé ọ̀rọ̀ pọ́n-ùn 15 sójútáyé lọ́dún 1989, ó sì di orin lẹ́nu wọn. Nígbà tí olùwádìí méjì, Jay Zagorsky àti Patricia Smith, wá wádìí rẹ̀, tí wọ́n tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde lọ́dún 2011, wọ́n rí i pé tí a bá pín in dọ́gba, kò ju nǹkan bíi kílò kan sí kílò kan àtààbọ̀ lọ. Àwọn tó fi pọ́n-ùn 15 sanra kò tó ẹnì kan nínú mẹ́wàá. Àwọn ojúgbà wọn tí kò lọ sí yunifásítì rárá náà sanra, tiwọn kàn fi díẹ̀ kéré ni. Kì í ṣe àyànmọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà. Ṣùgbọ́n n kò ní tàn ọ́: pọ́n-ùn 15 kò tó kílò méje. Tìrẹ ti kọjá èyí tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ara wọn lọ́hùn-ún, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká wá ibi tó gbà wọlé.

O ní o kì í jẹun púpọ̀. Mo gbà ọ́ gbọ́. Kílò ọ̀rá kan lára ènìyàn, nǹkan bíi kálórì 7,700 ló kó o jọ. Méje lọ́nà 7,700 jẹ́ 53,900. Pín in sí oṣù mẹ́jọ, ìyẹn ọjọ́ 240, kò tó kálórì 230 lójúmọ́. Ìṣirò orí bébà ni o, ara ènìyàn kì í ṣe kọ̀ǹpútà, kì í sì í ṣe ọ̀rá nìkan ló ń di kílò. Síbẹ̀, o rí bí nǹkan náà ṣe kéré tó. Ìgò mínírà 50cl kan máa ń gbé nǹkan bíi kálórì 200. Èyí tí o fi ń la ojú láàárọ̀ yẹn, bó bá jẹ́ ojoojúmọ́, òun nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó.

Bí o bá tún ra òmíràn, yí ìgò náà padà kí o ka lẹ́tà wínníwínní tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń ní nǹkan bíi gíráàmù ṣúgà 10 nínú mílílítà 100. Nínú 50cl, gíráàmù 50 nìyẹn. Síbí tíì kan kì í gbà ju gíráàmù mẹ́rin lọ. Bu ṣúgà síbí 12 sínú ife omi kan lójú ara rẹ, kí o wá wò ó bóyá wàá lè gbé e mu. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní yóò dára kí ṣúgà tí a ń fi kún nǹkan má kọjá nǹkan bíi síbí tíì mẹ́fà lójúmọ́. O ti mu ti ọjọ́ méjì tán kí olùkọ́ tó pe orúkọ. Mọ́ọ̀tì náà kò mọ́wọ́ kúrò níbẹ̀. Mo mọ̀ pé gbogbo ilé ló gbà pé mọ́ọ̀tì àti mílíìkì ń fúnni lẹ́jẹ̀. Ṣúgà ló ń fúnni. Ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ẹran ló ń fúnni lẹ́jẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí a bá ní mínírà ni, a kò tíì dé ìdí ọ̀rọ̀. 0-0-1 ni ìdí rẹ̀. Ebi tí o fi pa ara rẹ láti àárọ̀ kò lọ síbì kankan, ó ń dúró dè ọ́ ní kọ́nà rẹ ni. Nígbà tí aago mẹ́sàn-án alẹ́ bá fi lù, ó ti gba ọgbọ́n lọ́wọ́ rẹ. Ohun tó yá, tó lépo, tó dùn lọ́nà ọ̀fun, ni ọwọ́ ń nà sí. Ta ni ebi ti ń pa láti òwúrọ̀ tó ń ronú kan ewébẹ̀? Èyí ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú yín máa búra pé àwọn kì í jẹun, kí síkẹ́ẹ̀tì sì máa fún. Ẹ kò purọ́. Ẹ̀ẹ̀kan náà tí ẹ jẹ ló gbé ti ẹ̀ẹ̀mẹta.

Àwọn tó kàwé ní yunifásítì wa kí ọdún 1984 tó dé kò mọ 0-0-1. Gbọ̀ngàn ìjẹun wà fún wọn, wọ́n ń jẹ tàárọ̀, tọ̀sán, talẹ́ ní wákàtí tí a dá, ìjọba ló sì ń gbé èyí tó pọ̀ nínú owó rẹ̀. Nígbà tí ìjọba fi 50 kọ́bọ̀ kún owó oúnjẹ ojúmọ́ kan lọ́dún 1978, láti náírà kan àtààbọ̀ sí náírà méjì, akẹ́kọ̀ọ́ káàkiri Nàìjíríà tú síta. Òun ni ìwọ́de "Ali Must Go" (Ali ni kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà) tí àwọn àgbà ṣì ń ròyìn. Lọ́dún 1984 ni ìjọba gbọ́wọ́ kúrò, olúkúlùkù sì di alásè ara rẹ̀. N kò sọ èyí kí o lè lọ gbé pátákó kiri. Wákàtí tí gbọ̀ngàn ń dá fún wọn nígbà náà, ìwọ ni yóò máa dá a fún ara rẹ báyìí, kò sì sí ẹni tó kọ́ yín kí ẹ tó wọlé.

Nítorí náà, sọ ọ́ di 1-1-1, kí talẹ́ sì jẹ́ èyí tó kéré jù. Kò gbówó tó bí o ṣe rò. Nígbà tí o bá ti tan sítóòfù lálẹ́, se ẹyin méjì nínú èèpo rẹ̀, fi sílẹ̀. Jẹ ẹ́ láàárọ̀ pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì bí o ṣe ń lọ sí lẹ́kíṣọ̀. Kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọjọ́ mìíràn, ra mọ́ínmọ́ín kan àti ẹ̀kọ kan. Àkàrà àti ògì gbígbóná náà dára, kí àkàrà má ṣáà ju mẹ́ta, mẹ́rin lọ, torí epo ló fi ń mu. Bí kò bá sí nǹkan kan, ẹ̀pà sísun ẹ̀kúnwọ́ kan àti ọsàn kan sàn ju buns àti mínírà. Ohun tó wà nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí ni èròjà amúaradàgbà: ẹyin, ẹ̀wà, ẹ̀pà kì í jẹ́ kí ebi tètè padà bí ìyẹ̀fun àti ṣúgà ṣe ń ṣe.

Lọ́sàn-án, lọ sí ilé oúnjẹ New Buka inú ọgbà yín bí gbogbo ayé ṣe ń lọ, kí o jẹ oúnjẹ gidi. Rúmúméètì rẹ tó ní kí o sá fún ẹ̀bà, kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀bà kan pẹ̀lú ewédú tàbí ẹ̀fọ́ rírò àti ẹja ní aago méjì ọ̀sán kò lè ṣe ohun tí Indomie méjì ń ṣe fún ọ lálẹ́. Bí wọ́n ṣe ń kó oúnjẹ jọ sórí àwo ni kí o máa ṣọ́: ìrẹsì síbí mẹ́ta, sùpàgẹ́tì síbí kan, dòdò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe lára, orúkọ wọn ló yàtọ̀. Wí fún olóúnjẹ pé, "Mà, ẹ bu ìrẹsì síbí kan, ẹ̀wà síbí méjì, ẹ fi ẹ̀fọ́ sí i, ẹ má da epo ọbẹ̀ lé e lórí." Ó lè rò pé owó ò sí lọ́wọ́ rẹ ni. Jẹ́ kó rò bẹ́ẹ̀.

Indomie ńkọ́? N kò ní lé e kúrò ní Mozambique, mo mọ ibi tí agbára mi mọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ni wọ́n ti dín nínú epo kí wọ́n tó dì í, kò wá epo mìíràn mọ́. Páálí kékeré gíráàmù 70 kan máa ń lé ní kálórì 300. Bí o bá se méjì, tí o sì fi òróró síbí ìjẹun méjì dín ẹyin lé e, o ti súnmọ́ 1,000 lórí àwo kan. Iyọ̀ tó wà nínú àpò èròjà méjèèjì lè kó èyí tó pọ̀ jù nínú gíráàmù márùn-ún tí WHO ní ká má kọjá lójúmọ́. Ẹyọ kan ni kí o sè. Bí omi bá ti ń hó, já ṣọkọ tàbí gbúre ẹ̀kúnwọ́ kan sí i, ge àlùbọ́sà àti tòmátì sí i, kí o fọ́ ẹyin sínú omi náà kó dì níbẹ̀ láìsí òróró. Ìdajì èròjà tó. Àwo yóò kún bíi ti tẹ́lẹ̀, kálórì rẹ̀ kò sì ní tó ìdajì.

Bí àyè bá wà ní Sátidé, se ẹ̀wà. Rẹ ẹ́ mọ́jú, da omi rẹ̀ nù. Yóò tètè jinná, gáàsì kò ní tán, inú rẹ kò sì ní máa kùn láàárín kíláàsì. Nígbà tí kò sí fìríìjì, má sè ju èyí tí wàá jẹ títí di ọjọ́ kejì lọ, máa gbé e kaná kó hó láàárọ̀ àti lálẹ́, má sì ti síbí tí o ti fi kan ẹnu bọ̀ ọ́. Ìrẹsì ní tirẹ̀ kò ṣe é fi sílẹ̀ mọ́jú nínú ooru rárá. Kòkòrò àìrí kan máa ń wà nínú rẹ̀ tí sísè kì í fìgbà gbogbo pa, oró rẹ̀ kì í sì í kúrò bí o bá tún un gbé kaná. Ti èso, má wo ápù tí wọ́n kó ti òkèèrè wá. Ọsàn, ìbẹ́pẹ, máńgòrò, àgbálùmọ̀, èyí tó bá wà lásìkò rẹ̀ ló pọ̀, òun ló sì máa ń rọjú.

Oorun tún ń bẹ, ibi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í fẹ́ gbọ́ sí nìyí. Ẹni ọdún 18 nílò wákàtí méje sí mẹ́sàn-án lóru. Bí oorun kò bá tó, èròjà inú ara tó ń pe ebi á pọ̀ sí i, èyí tó ń sọ pé a ti yó á dínkù. Abájọ tí gàrí aago kan òru fi ń dùn tó bẹ́ẹ̀. Gàrí gíráàmù 100 ti súnmọ́ kálórì 350 kí o tó da ṣúgà àti mílíìkì sí i, o sì mọ̀ fúnra rẹ pé kì í lé oorun lọ. Bí ìdánwò bá sọ TDB di dandan, jẹ oúnjẹ alẹ́ ní aago méje, kí o mú omi àti ẹ̀pà díẹ̀ dání. Àmọ́ TDB ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀, ìwé gan-an kò fẹ́ ẹ: ìgbà tí a bá sùn ni ohun tí a kà ń jókòó sí orí.

Kò pọn dandan kí eré ìdárayá ná ọ lówó. WHO ní ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Máa fẹsẹ̀ rìn lọ sí lẹ́kíṣọ̀, máa fẹsẹ̀ rìn bọ̀, kí ìrìn náà yá débi tí èémí á fi máa yára díẹ̀. Ọgbà yín tóbi tó bẹ́ẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, wọkọ̀.

Tíì yẹn, má dá kọ́bọ̀ sí i. Ewé sẹ́nà ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, oògùn ìyàgbẹ́ sì ni sẹ́nà. Omi àti ìgbẹ́ ló ń kó jáde, ọ̀rá kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Òṣùwọ̀n á lọ sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì, bí o bá mu omi á tún gòkè. Ẹni tó bá ń mu ún lemọ́lemọ́ lè pàdánù pòtásíọ̀mù tí ọkàn fi ń lù déédéé. Sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ náà kó dẹ́kun rẹ̀.

Ó tún ku ìbéèrè kan, n kò sì fi ẹ̀sùn kàn ọ́: ṣé ẹnikẹ́ni ti fún ọ ní oògùn ìsanra? Nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì kan náà tí àwọn kan ti ń wá bí wọ́n ṣe máa ru, àwọn mìíràn ń lo oògùn kí wọ́n lè ní ìdí. Cyproheptadine ni àwọn kan ń lò, oògùn ara yíyún tó ń fa oúnjẹ wọ ènìyàn lójú ni. Àwọn mìíràn ń fi dexamethasone kún un, èyí sì lè fa ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá ti fún ọ ní "fítámì" tí kò ní páálí, gbé e lọ fún dókítà kó wò ó, má sì dá a dúró lójijì láìbá a sọ̀rọ̀. Abẹ́rẹ́ ìfètòsọ́mọbíbí olóṣù mẹ́ta náà máa ń mú àwọn kan sanra. Bó bá jẹ́ pé ò ń gbà á, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ọ̀nà mìíràn pọ̀ tí nọ́ọ̀sì lè fi hàn ọ́.

Má sì lépa 58 lójú méjèèjì. Bí o bá dúró sí 65, tí ò ń jẹun lásìkò, tí ò ń rìn, tí ò ń sùn, kò sí ohun tó ṣe ọ́. Bí díẹ̀ bá lọ díẹ̀díẹ̀, ó dára. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó láti gun òṣùwọ̀n, kó jẹ́ ọ̀kan náà, ní òwúrọ̀. Òṣùwọ̀n ilé ìtajà oògùn àti ti ilé ìwòsàn kì í sábà bá ara wọn mu.

Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, lọ sí ilé ìwòsàn inú ọgbà yín, jẹ́ kí wọ́n wọn ìfúnpá rẹ, kí wọ́n sì yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ wò. Bí nǹkan oṣù rẹ bá ti ń fo oṣù, tí irun ń hù ní àgbọ̀n rẹ, tí otútù ń mú ọ nígbà tí ooru ń mú àwọn yòókù, tàbí tí òùngbẹ àti ìtọ̀ kì í jẹ́ kí o sùn, sọ ọ́ fún dókítà láìfi ọ̀kan pamọ́, torí ìyẹn kọjá ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú wọn, kọ̀wé sí mi ní ìparí sẹ̀mẹ́sítà tó ń bọ̀, kí o sì sọ iye ọjọ́ tí ò ń jẹun àárọ̀ lọ́sẹ̀ fún mi kí o tó sọ iye kílò.